Ìfinijoyè ààrẹ nínú ẹgbẹ́ asìnlú

Ìfinijoyè ààrẹ nínú ẹgbẹ́ asìnlú ni ètò tí àwọn ẹgbẹ́ bíi Rotary, Lions, Inner Wheel àti JCI fi ń gbé ipò olórí láti ọwọ́ ẹni tí àkókò rẹ̀ ti pé sí ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti yàn láti rọ́pò rẹ̀. Ẹgbẹ́ asìnlú jẹ́ ẹgbẹ́ tí àwọn oníṣòwò, olùkọ́, dókítà, agbẹjọ́rò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn mìíràn ń dá sílẹ̀ láti fi owó, àkókò àti ìmọ̀ wọn ran ìlú lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀sìn. Ohun tí ó ya oyè ààrẹ ẹgbẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀ sí ọ̀pọ̀ oyè mìíràn ní ilẹ̀ Yorùbá ni pé ọdún kan ni ó ń gbé. Ẹni tí ó bá gbà á ti mọ ọjọ́ tí yóò fi í sílẹ̀ kí ó tó jókòó lórí àga. Nítorí èyí, ìbéèrè pàtàkì tí gbogbo ìfinijoyè ń mú wá ni bí iṣẹ́ ìlú yóò ṣe máa bá a lọ nígbà tí olórí ń yí padà ní ọdọọdún.

Orúkọ àti ìtumọ̀

Ọ̀rọ̀ náà "ààrẹ" ti wà nínú èdè Yorùbá tipẹ́ kí ẹgbẹ́ asìnlú tó dé. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí àwọn jagunjagun ní ilẹ̀ ọba Ọ̀yọ́. Nínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ó ṣàlàyé pé Ààrẹ gbọ́dọ̀ lọ sí ogun lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 3, àti pé wọ́n fún un ní gbèdéke ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ fi padà pẹ̀lú ìṣẹ́gun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú rẹ̀ ni wọn yóò gbé wálé. Lóde òní, "ààrẹ" ni a ń pe olórí orílẹ̀-èdè, olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti olórí ẹgbẹ́ asìnlú pẹ̀lú. Ogun ti kúrò nínú ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò pé ààrẹ ní iṣẹ́ kan pàtó láti ṣe láàárín àkókò kan pàtó ṣì wà níbẹ̀.

"Ìfinijoyè" pẹ̀lú jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú àṣà oyè jíjẹ. Ní ìlú, ẹni tí a bá fi joyè sábà máa ń wà nípò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ asìnlú, ọ̀rọ̀ náà dúró fún ìgbapò onígbà díẹ̀. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àṣà Yorùbá ni èsúsú, níbi tí olúkúlùkù ti ń dá owó, tí ẹni kọ̀ọ̀kan sì ń kó o nígbà tí ó bá kàn án. Orúkọ Rotary gan-an ti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ jáde: ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pàdé ní ọ́fíìsì ara wọn ní yíyípo, lónìí lọ́dọ̀ ẹni yìí, lọ́jọ́ mìíràn lọ́dọ̀ ẹni yẹn.

Ìtàn

Ọjọ́ 23, oṣù Kejì, ọdún 1905 ni agbẹjọ́rò Paul Harris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta, Gustavus Loehr, Silvester Schiele àti Hiram Shorey, ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ Rotary ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ó yẹ fún àkíyèsí pé Harris tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe ààrẹ rẹ̀. Schiele, tí ó jẹ́ oníṣòwò èédú, ni wọ́n fi sí ipò náà. Ó di ọdún 1907 kí Harris tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ Chicago, ó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ Rotary ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1910. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti hàn pé ipò náà kì í ṣe ogún ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Ní ìlú Chicago kan náà ni Melvin Jones ti bẹ̀rẹ̀ Lions ní ọdún 1917. Inner Wheel, tí Margarette Golding dá sílẹ̀ ní Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1924, bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn ìyàwó ọmọ ẹgbẹ́ Rotary. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Rotary kò gba obìnrin wọlé. Ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 1987, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé a kò lè lo òfin ẹgbẹ́ láti dí àwọn obìnrin lọ́nà. Ní ọdún 1989, ìgbìmọ̀ aṣòfin Rotary mú ìdènà náà kúrò fún gbogbo ayé. Lions náà ṣí ilẹ̀kùn fún obìnrin ní ọdún 1987. Jennifer Jones láti Kánádà ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe ààrẹ Rotary àgbáyé, ní ọdún 2022 sí 2023.

Ní Nàìjíríà, Kánò ni ẹgbẹ́ Rotary ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, ní ọdún 1961. Láti inú ẹgbẹ́ Kánò yìí ni agbẹjọ́rò Jonathan Majiyagbe ti jáde, ẹni tí ó ṣe ààrẹ Rotary àgbáyé ní ọdún 2003 sí 2004, tí ó sì jẹ́ ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Olayinka Hakeem Babalola, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary Trans Amadi ní Port Harcourt, ni wọ́n yàn fún ọdún 2026 sí 2027.

Bí wọ́n ṣe ń yan ààrẹ

Ààrẹ ẹgbẹ́ Rotary kan kì í ti ojúde wọlé sí ipò. Ó gbọ́dọ̀ ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún ọdún kan, ó kéré tán, kí wọ́n tó lè dárúkọ rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ sì pàṣẹ pé kí wọ́n yàn án ní oṣù 18, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ tí yóò gba ipò, kí ó má sì ju ọdún 2 lọ. Ìpàdé ọdọọdún tí wọ́n ti ń yan àwọn olóyè gbọ́dọ̀ wáyé kí oṣù Kejìlá tó parí.

Nítorí náà, ní ìgbà kan náà, ẹgbẹ́ máa ń ní ènìyàn mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ipò náà kàn gbọ̀ngbọ̀n. Èkíní ni ààrẹ àná, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Èkejì ni ààrẹ òní, tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ààrẹ ọ̀la, tí ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ alákòóso fún odidi ọdún kan kí àṣẹ tó kàn án. Ààrẹ ọ̀la gbọ́dọ̀ lọ gba ẹ̀kọ́ tí ẹkùn ń ṣètò fún gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ di ààrẹ. Bí kò bá lè lọ, ó gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí yóò di gómìnà ẹkùn, kí ó sì rán ẹlòmíràn lọ ní ipò rẹ̀.

Ètò yìí ni ó mú kí ipò náà má ṣe ṣófo nígbà ìṣòro. Ní ipele àgbáyé, Sam Owori láti Uganda ni wọ́n ti yàn láti ṣe ààrẹ Rotary ní ọdún 2018 sí 2019. Ó kú ní oṣù Keje ọdún 2017, kí ọdún tirẹ̀ tó dé. Wọ́n yan Barry Rassin láti Bahamas dípò rẹ̀, ọdún náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ tí àṣẹ ń yí padà

Ọdún Rotary, Lions àti Inner Wheel ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ó sì ń parí ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà. Ti JCI ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nígbà tí ti Kiwanis ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ ayẹyẹ ni ààrẹ tuntun ń gba àṣẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Rotary, àṣẹ ti kúrò lọ́wọ́ ààrẹ àná ní kété tí oṣù Kẹfà bá parí, yálà wọ́n ti ṣe ayẹyẹ tàbí wọn kò tíì ṣe é. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ní Nàìjíríà ń ṣe ayẹyẹ tiwọn ní oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, àwọn mìíràn sì ń sún un síwájú jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àlejò pàtàkì lè ráyè wá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ààrẹ tuntun ni ó ń darí ìpàdé, òun ni ó sì ń dáhùn fún ohun tí ẹgbẹ́ bá ṣe. Ayẹyẹ wà láti fi hàn án fún ìlú. Kàlẹ́ńdà ni ó fún un ní àṣẹ.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi ayẹyẹ

Ètò yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn, ṣùgbọ́n bí ó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Lẹ́yìn orin orílẹ̀-èdè àti ìkíni káàbọ̀, ààrẹ àná yóò ka ìròyìn ọdún rẹ̀: iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, owó tí wọ́n ná, àti ohun tí kò tíì parí. Wọn yóò ka ìtàn ìgbésí ayé ààrẹ tuntun. Gómìnà ẹkùn, aṣojú rẹ̀ tàbí ààrẹ àtijọ́ kan yóò bi í bóyá ó gba iṣẹ́ náà, yóò sì ṣe ìlérí níwájú gbogbo ènìyàn.

Lẹ́yìn èyí, wọn yóò bọ́ ẹ̀wọ̀n oyè kúrò ní ọrùn ààrẹ àná, wọn yóò sì fi sí ọrùn ààrẹ tuntun. Ní ara ẹ̀wọ̀n náà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ti ṣe ààrẹ. Wọn yóò tún fún un ní agogo àti òòlù kékeré tí a fi ń pe ìpàdé sí ètò. Ààrẹ tuntun yóò wá fi akọ̀wé, akápò àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀ han àwọn ènìyàn, yóò sì sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe àti iye owó tí yóò gbà.

Ibẹ̀ ni ìkówójọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi ń pe àwọn ọba, oníṣòwò àti ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ kan a tún máa fi ẹ̀bùn dá àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn pẹ̀lú òtítọ́ lọ́lá, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ní Rotary, wọ́n a máa ka ìbéèrè mẹ́rin tí Herbert J. Taylor ṣe ní ọdún 1932, tí ó ń wádìí bóyá ohun tí ènìyàn fẹ́ sọ tàbí fẹ́ ṣe jẹ́ òtítọ́, bóyá ó tọ́ sí gbogbo ẹni tí ó kàn, bóyá yóò mú ìrẹ́pọ̀ wá, àti bóyá yóò ṣe gbogbo wọn láǹfààní.

Gbangba tí wọ́n ti ń ṣe gbogbo èyí ní àǹfààní mìíràn. Àwọn ènìyàn kan a máa fi ẹgbẹ́ bíi Rotary wé ẹgbẹ́ awo. Ètò tí ọba, pásítọ̀, àlùfáà Mùsùlùmí àti ará ọjà lè jókòó wò, tí wọ́n ti ka owó ẹgbẹ́ sókè, jẹ́ ìdáhùn sí irú ìfura bẹ́ẹ̀.

Ìkirè àti Apòmù

Ìkirè ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́wọlé, Apòmù sì ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kan, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú méjèèjì súnmọ́ ara wọn gan-an ní agbègbè ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Akirè ni ọba Ìkirè, Alápòmù sì ni ọba Apòmù. Àgbẹ̀ kòkó wà ní agbègbè náà, Ìkirè sì gbajúmọ̀ fún dòdò Ìkirè, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n gan-an ṣe. Ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kan wà ní Ìkirè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa èdè, àṣà àti ìmọ̀ ọmọnìyàn.

Ìtàn agbègbè yìí fi ìdí tí ìjókòópọ̀ fi ṣe pàtàkì hàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà Apòmù jẹ́ ibi tí àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti tajà. Johnson kọ ọ́ pé aáwọ̀ kékeré láàárín ẹni tí ń tà àti ẹni tí ń rà ní ọjà náà wà lára ohun tí ó tanná ran Ogun Òwu. Ogun yẹn pa Òwu run, ó sì da ọ̀pọ̀ ìlú agbègbè náà rú. Ibi tí ènìyàn oríṣiríṣi ti ń pàdé lè mú ọrọ̀ wá, ó sì lè mú ìjà wá bí kò bá sí ètò tí gbogbo wọn fọkàn tán.

Lónìí, Ìrẹ́wọlé, Ìsọ̀kan àti Ayédáadé jọ ń yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kan ṣoṣo sí Àbújá, nítorí náà àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ìlú máa bèèrè pé "ta ni ó kàn?" Nínú ẹgbẹ́ asìnlú tí ó bá kó àwọn ọmọ Ìkirè àti Apòmù pọ̀, ìbéèrè yìí rọrùn láti dáhùn. Kò sí òfin tí ó sọ pé ipò ààrẹ gbọ́dọ̀ máa yí láti ìlú kan sí èkejì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ipò kò ju ọdún kan lọ, ẹni tí kò kàn lọ́dún yìí kò ní pẹ́ dúró, kò sì sí ìlú tí yóò rò pé èkejì ti gba ẹgbẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ọba kọ̀ọ̀kan wà lórí ìtẹ́ rẹ̀ títí ayé rẹ̀. Àga ààrẹ ni àwọn ìlú méjèèjì lè jọ jókòó lé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àǹfààní àti ìṣòro ọdún kan

Àǹfààní àkọ́kọ́ ni pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ẹgbẹ́ di ti ara rẹ̀. Akápò mọ̀ pé ìwé owó yóò kọjá sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àǹfààní kejì ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́ bí a ṣe ń ṣe olórí. Ẹgbẹ́ tí ó bá pé ọdún 20 lè ní ènìyàn 20 tí wọ́n ti darí ìpàdé, tí wọ́n ti kó owó jọ, tí wọ́n sì ti jíhìn fún ìlú. Ẹ̀kẹta ni pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lè gbà láti sìn, nítorí ó mọ̀ pé kò ní pẹ́.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré náà. Ààrẹ tí ó ní oṣù 12 péré lè máa wá iṣẹ́ tí yóò parí kíá, tí a lè gé rìbọ́nù níwájú rẹ̀, tí a sì lè kọ orúkọ rẹ̀ sí lára. Kànga ẹ̀rọ jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba. A lè gbẹ́ ẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń fa omi yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá bàjẹ́ ní ọdún kẹta, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ògiri kò sí nípò mọ́, ààrẹ tí ó wà nípò sì ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó ti ṣèlérí níbi ayẹyẹ. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pọn omi níbẹ̀ yóò padà sí odò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ilé ìwé tí wọ́n fún ní kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tí yóò tún un ṣe, àti ti àwọn aláìsàn tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì padà wá wò wọ́n.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dí àlàfo

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ètò ààrẹ àná, ààrẹ òní àti ààrẹ ọ̀la tí a ti mẹ́nu kàn. Bí àwọn mẹ́ta yìí bá jọ fọwọ́ sí iṣẹ́ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó ní ẹ̀mí ọdún 3.

Ọ̀nà kejì ni òfin owó. Àjọ tí ó ń pín owó ìrànwọ́ Rotary, èyí tí ìpilẹ̀ rẹ̀ ti ọdún 1917 wá, kì í fún ẹgbẹ́ ní owó iṣẹ́ ńlá àgbáyé bí iye owó iṣẹ́ náà kò bá tó 30,000 dọ́là. Ẹgbẹ́ méjì láti orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jọ ṣe é. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ìlú nílò lọ́wọ́ àwọn ará ìlú gan-an, kí wọ́n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe máa lọ nígbà tí owó bá tán, kí wọ́n sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ títí yóò fi parí. Irú owó bẹ́ẹ̀ ń so ọwọ́ ààrẹ tuntun mọ́ ìlérí ààrẹ àná.

Ọ̀nà kẹta wà lọ́wọ́ ìlú fúnra rẹ̀. Bí ìgbìmọ̀ àdúgbò bá gba kọ́kọ́rọ́ kànga, tí wọ́n ń gba owó kékeré fún àtúnṣe, tí wọ́n sì mọ ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ náà tún ṣe, kò ní já mọ́ nǹkan púpọ̀ fún wọn ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ lọ́dún yẹn.

Iṣẹ́ tí ó ju ààrẹ kan lọ

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ pé ipò ọdún kan lè gbé iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni ìgbógunti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Rotary bẹ̀rẹ̀ ìpolongo náà ní ọdún 1985. Nígbà tí Majiyagbe di ààrẹ àgbáyé ní oṣù Keje ọdún 2003, ìpínlẹ̀ Kánò, ibi tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ wà, wọ inú àríyànjiyàn ńlá lórí àjẹsára náà, ìjọba ìpínlẹ̀ sì dá a dúró. Àrùn náà tàn kálẹ̀ láti Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ní ọdún 2004 ni Kánò tún gba àjẹsára náà padà. Ọdún Majiyagbe parí láìjẹ́ pé àrùn náà tán, ẹni tí ó tẹ̀ lé e sì gba ibẹ̀ bá a lọ. Ọdún 2016 ni wọ́n rí àwọn ọmọ tí kòkòrò àrùn náà ti inú ẹgàn mú kẹ́yìn ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno. Ní ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 2020, wọ́n kéde pé irú kòkòrò yìí ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Láti ọdún 1985 títí di ọjọ́ yẹn, ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí wọ́n ti ṣe ààrẹ Rotary àgbáyé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè sọ pé òun nìkan ni òun ṣe é.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Nínú ẹgbẹ́ asìnlú, ìrọ́pò ti wà lórí kàlẹ́ńdà, kò nílò ikú tàbí ìjà. Ohun tí kàlẹ́ńdà kò lè ṣe ni kí ó mú ààrẹ tuntun parí iṣẹ́ tí ààrẹ àná bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìròyìn ọdún tí ó kọjá bá ń jẹ́ kíkà níbi ìfinijoyè, abala tí ó sọ nípa ohun tí kò tíì parí ni ó yẹ kí àwọn ará ìlú tẹ́tí sí jù, kí wọ́n sì padà bèèrè nípa rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún tí ó tẹ̀ lé e.